Abọ́ Àkọ́kọ́ Létí Odò Shuiwei

Nígbà tí Ke Baolian wà ní ọ̀dọ́, kò sí ẹni tó mọ ẹja pa bíi tirẹ̀ nínú ọjà Shuiwei. Ẹja tó bá ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí pákó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kàn án lórí. Kí oníbàárà tó gbójú kúrò lára ìwọ̀n, ìpẹ́ ti tán lára ẹja, ìfun rẹ̀ sì ti wà nínú garawa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, òun náà ló fi tọ́jú ọkọ rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, tí ọmọ sì ti lọ sílé ọkọ ní ìlú Tainan, ó fi ọ̀bẹ àti pákó lé Tu lọ́wọ́, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń tajà, ó sì gun àtẹ̀gùn òkè lọ sí tẹ́ńpìlì àwọn obìnrin tó fárí, tí wọ́n ti fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ Búdà.

Ìyá Jingxiu, olórí tẹ́ńpìlì náà, bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ẹja ni mo mọ̀, Ìyá," ni Baolian dáhùn. "Kò sí ọ̀nà tí ẹja ń gbà kú tí n kò mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Jingxiu wí. "Ìwọ náà ni yóò mọ ọ̀nà tí wọn kò fi ní kú."

Bí abọ́ àkọ́kọ́ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọmọ ìjọ a máa lọ sọ́jà ní òwúrọ̀, wọn a ra ohun ẹlẹ́mìí tí ọ̀bẹ ń dúró dè, wọn a sì gbé e lọ tú sílẹ̀ lódò. Òfin kan wà níbẹ̀, Baolian ló sì ń ṣọ́ ọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ẹlẹ́ja tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ohun tí o bá bá níbẹ̀ ni kí o rà. Bí o bá ti ní kí wọ́n wá a fún ọ, ìwọ gan-an lo rán àwọ̀n níṣẹ́. Létí odò, Ìyá Jingxiu a wọ́n omi sórí àwọn ẹ̀dá náà, ìjọ a kọ orin àdúrà fún wọn, lẹ́yìn náà ẹnì kan ṣoṣo a sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí òkúta pẹlẹbẹ, a da abọ́ àkọ́kọ́ sódò. Kí ẹni yẹn tó dà á tán, àwọn yòókù kò gbọdọ̀ mira.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹni yẹn fi jẹ́ Baolian. Kì í kàn da ẹja sódò. Yóò kọ́kọ́ gbé abọ́ sí ibi tí omi kò ti jìn, yóò jẹ́ kí omi odò máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí òtútù má baà pa ẹja lójijì. Yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ yẹn kan náà tó ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni yóò sọ fún un pé èyí lágbára, èyí kò tíì lágbára, èyí jẹ́ ti adágún, ẹ gbé e padà lọ sí ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì. Èyí jẹ́ àlejò tí kì í ṣe ti odò wa, yóò jẹ àwọn onílé run, ẹ má dà á. Ìyá Jingxiu a máa wò ó, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni Baolian ń jẹ bí oúnjẹ.

Lẹ́yìn náà ni Zhuang Meirui dé.

Ọmọ ìlú náà ni. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lórin ní ìlú ńlá Kaohsiung, ó fẹ̀yìn tì, ó sì padà wá máa gbé ilé bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ tẹ́ńpìlì, ó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn, ó mọ́ bí omi inú àpáta, àwọn tó wà níwájú sì ń yí ọrùn wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Jingxiu, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, gbé orí sókè ó sì béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

Ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ìgbà kan tí Ìyá Jingxiu gbọ́ ohùn Baolian kó béèrè pé ta nìyẹn.

Ìbá rọrùn bí Meirui bá jẹ́ ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n Meirui ń gbálẹ̀ kí wọ́n tó ní kó gbálẹ̀. Ó ń fọ abọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá rí Baolian lókèèrè, yóò pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, yóò tẹríba, yóò fi orúkọ Búdà kí i pé, "Amituofo, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jíire?" Baolian náà yóò tẹríba, yóò kí i padà, inú rẹ̀ yóò sì máa ta bí ẹni jẹ ata lófo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ nǹkan tí kò ṣọ́ rí. Nígbà tí Ìyá Jingxiu bó ọsàn ńlá kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Baolian rí i pé Meirui ni Ìyá kọ́kọ́ na ìdá kan sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Meirui ló jókòó sún mọ́ Ìyá ni. Ní ọjọ́ kejì, òun náà lọ jókòó sún mọ́ Ìyá. Ìyá Jingxiu kò bó ọsàn lọ́jọ́ yẹn. Baolian tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn sókè nígbà orin, títí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi wúkọ́, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n Baolian, ẹ jọ̀ọ́, etí mi kan ṣoṣo ló ń gbọ́ràn, ẹ má fọ́ ọ."

Nínú oṣù kẹrin, tí wọ́n ti ń múra ọjọ́ ìbí Búdà, Ìyá Jingxiu sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀kọ ìrẹsì òwúrọ̀.

"Baolian, báwo ni orúnkún rẹ?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Ó ń gbé mi."

"Mo gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tí o ń gun àtẹ̀gùn. Omi odò ti pọ̀ lọ́dún yìí. Jẹ́ kí Meirui gbé abọ́ àkọ́kọ́. Kí ìwọ dúró lókè, kó o sinmi."

Meirui yára gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe èmi ló kàn. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Bí Ìyá bá ti sọ ọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn," ni Baolian wí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú ànàmọ́ kan, ó fi sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Meirui bá a níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi."

"Ta ló ń bínú?"

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè nǹkan kan. Ìyá yóò pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù yìí kan náà. Mo rò ó pé kí n fi ìjàpá sínú abọ́ àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀mí gígùn. Níbo ni mo ti lè rí i rà?"

Òfin náà dé orí ahọ́n Baolian. Má ṣe ní kí wọ́n wá ohunkóhun fún ọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ó fojú inú rí Ìyá Jingxiu tó ń fi ọwọ́ pa ìjàpá ẹ̀mí gígùn lẹ́yìn, tó ń béèrè pé ta ló ronú kan èyí, ọ̀rọ̀ náà sì padà wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ.

"Lọ bá Tu," ni ó wí. "Tu máa ń rí i."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ayẹyẹ pé, ní ọjọ́ Ẹtì, Baolian ń gba ọjà kọjá lọ ra wàrà ẹ̀wà sóyà. Tu ti rí i láti òdìkejì ọjà, ó sì ti ń ké.

"Ìyálé! Ìyálé, ẹ yà síbí o! Ẹrù ìyàwó tuntun ti dé!"

"Tu, ẹnu rẹ yóò dá ọ lẹ́jọ́."

"Kí ni mo sọ? Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé wọ́n ti gbé ìyàwó bá yín ní tẹ́ńpìlì. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹyẹ. Ọ̀gá mi, tiyín dà bíi ti ẹ̀rọ tó ń gé yìnyín, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́." Ó ṣí ìdérí agbọ̀n kan. "Ẹ wò ó. Mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ará òkè fi wá wọn lábẹ́ ewé."

Baolian bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ga bí abọ́ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Èyí tó fọwọ́ kàn pa ara rẹ̀ dé, igbá àyà rẹ̀ gbéra ó sì pàdé ti ẹ̀yìn títí tí kò fi sí àyè tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Ó mú òmíràn tó ṣì na ẹsẹ̀ síta, ó yí i padà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Awọ tó ń so ìka pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ kò sí níbẹ̀ rárá.

"Ti òkè ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìjàpá odò," ni ó wí. "Abẹ́ ewé ni ilé wọn. Wọn kò lè wẹ̀ nínú omi jíjìn."

"Ṣé èmi ni mo ń dà wọ́n sódò ni?" Tu da ìdérí náà bò wọ́n. "Ìjàpá ni ìyàwó béèrè, ìjàpá ni mo wá. Ẹ bá a sọ ọ́."

Òun yóò bá a sọ ọ́. Ohun tí Baolian rò nìyẹn nígbà tó ń gba ẹ̀yìn ọjà lọ. Ó dé iwájú ilé Meirui, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé, ó ń kọ́ orin ayẹyẹ. Baolian dúró nídìí ògiri. Ó rántí pé abọ́ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ẹni tí abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó wo inú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe olùkọ́ ni? Ẹ jẹ́ kó dà wọ́n lójú gbogbo ìjọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rì bí òkúta, kí Ìyá Jingxiu bi í léèrè pé kí lo ṣe yìí, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ohùn kọ́ ni wọ́n fi ń tú ẹ̀dá sílẹ̀. Ó rí gbogbo rẹ̀ kedere bí ẹni ń wo àwòrán, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó ra wàrà sóyà rẹ̀, ó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ayẹyẹ mọ́. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, odò sì kún dé àtẹ̀gùn kẹta. Nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn wà létí omi nínú aṣọ dúdú gbọọrọ. Wọ́n to àwọn garawa ẹja, abọ́ ìṣáwùrú àti agbọ̀n ìjàpá sórí ẹní. Ìyá Jingxiu na ọwọ́ sínú agbọ̀n, ó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ìjàpá," ni ó wí. "Ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun gan-an."

Baolian yíjú sí odò.

Orin bẹ̀rẹ̀. Orin yẹn gùn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò rí àyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹni mímọ́, wọ́n tọrọ ìdáríjì fún àwọn ẹ̀dá náà, wọ́n fi wọ́n sábẹ́ ààbò Búdà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀, ohùn Meirui sì ń léwájú. Baolian ń mi ẹnu. Ó ń wo agbọ̀n náà. Ọ̀kan nínú wọn ti yọ orí, ó ń wo ọ̀run.

Meirui kó méjì sínú abọ́ àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí òkúta pẹlẹbẹ, ó kúnlẹ̀. Kó tó dà á, ó yíjú wo ẹ̀yìn, ó ń fi ojú wá Baolian láàárín ìjọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó béèrè lóhùn kékeré, "ṣé ó dáa báyìí?"

Baolian mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Meirui dà wọ́n. Bí wọ́n ti kan omi tútù, àwọn méjèèjì pa ara wọn dé, wọ́n sì rì lọ́gán.

Ìjọ pariwo ayọ̀. "Amituofo! Ẹ wo bí wọ́n ṣe yára wọlé!" "Inú wọn dùn, ilé ti yá!" Ọkùnrin àgbà kan ń nu ojú. Ìyá Jingxiu pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí Meirui, ẹ̀rín tí Baolian mọ̀ dunjú.

Kò sí ẹni tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Baolian dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìtìjú tó ti ń retí fún Meirui láti ọjọ́ mẹ́ta kò dé, kò sì ní í dé láé. Bí ìjàpá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá kú sísàlẹ̀ odò yẹn, ìyìn ni wọn yóò fi yin Meirui títí di ọdún tó ń bọ̀. Òun nìkan ṣoṣo ló mọ̀ pé méjì ń kú lọ́wọ́, lábẹ́ orin.

Meirui ti padà sídìí agbọ̀n, ó ti na ọwọ́ sí ìkẹta.

"Dáwọ́ dúró!" ni Baolian ké. Ohùn tó fi ń lé àwọn tó fẹ́ jí ẹja rẹ̀ lọ́jà láyé ọjọ́un ló jáde. "Má dà á! Wọ́n ń kú! Ìjàpá òkè ni wọ́n!"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti wà nínú omi. Òtútù mú un dé ìbàdí. Ó bẹ̀rẹ̀ títí omi fi kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tá ilẹ̀ odò nínú ẹrẹ̀, bó ṣe máa ń wá ẹja nínú garawa láìwo ibẹ̀. Òkúta. Òkúta. Igi. Nǹkan kan yí lábẹ́ ìka rẹ̀, ó gbá a mú. Ó jù ú sókè fún Meirui. "Dorí rẹ̀ kodò! Fa ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ síta, rọra tì í padà, kí omi jáde! Má bẹ̀rù, kò ní í gé ọ jẹ!" Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá a títí ètè rẹ̀ fi di aró, títí àwọn obìnrin méjì fi wọ omi láti wá fà á jáde. Kò rí èkejì.

Èyí tó wà lọ́wọ́ Meirui da omi jáde láti imú. Nígbà tó pẹ́, ó la ojú kan.

Kò sí ẹni tó kọrin mọ́. Ìyá Jingxiu ní kí wọ́n gbé ìjókòó òun sún mọ́ Baolian.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ó lè sọ pé nígbà tí mo rí i tó rì ni. Gbogbo wọn ni ìbá gbà á gbọ́, wọn ìbá sì máa yìn ín. Omi ń ro láti aṣọ rẹ̀ sórí ẹní.

"Láti ọjọ́ Ẹtì, Ìyá. Mo rí ẹsẹ̀ wọn lọ́dọ̀ Tu. Àti pé kí Meirui tó lọ bá Tu, èmi ni mo rán an, n kò sì sọ òfin fún un."

"Mo bi yín," ni Meirui wí. Ohùn tó mọ́ yẹn ti fọ́. "Mo wo ojú yín, mo bi yín, ẹ sì mi orí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mi orí."

Ìyá Jingxiu nawọ́ sí odò. "Àwọn ẹja tí o pa lọ́jà láyé ọjọ́un, nítorí àtijẹ lo ṣe pa wọ́n. Èyí tó wà nísàlẹ̀ odò yẹn ńkọ́? Kí lo pa á fún?"

"Owú ni, Ìyá. Owú ni mo jẹ."

Obìnrin tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbọ́ràn bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ló wí, ẹni yẹn sì tún un sọ fún un sókè, tó fi jẹ́ pé gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Abọ́ náà ti di ti Meirui," ni Ìyá Jingxiu wí. "N kò ní í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kò ní í da ohunkóhun sódò láìjẹ́ pé ìwọ ti fọwọ́ kàn án. Àwọn mẹ́jọ tó kù, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò gbé wọn lọ sórí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé wọn."

Wọ́n lọ. Baolian wọ aṣọ gbígbẹ tí wọ́n yá a, ó ń tiro. Wọ́n ti dé ìdajì òkè kí Meirui tó gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ àwọn igi ọparun ló ti dúró.

"Kí ni mo ṣe yín, ẹ̀gbọ́n? Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n mọ̀ ọ́n."

"O kò ṣe mí ní nǹkan kan," ni Baolian wí. "Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní o ti bú mi lẹ́ẹ̀kan péré, ara ìbá tù mí."

Meirui wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, orí yín ti burú."

"Orí mi ti gbọ́. Ìyẹn dára. Tún un sọ."

Meirui kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún gbé agbọ̀n, wọ́n sì ń lọ.

Níbi tí ewé ti nípọn, tí ilẹ̀ sì tutù díẹ̀, Baolian fi hàn án bí a ṣe ń gbé wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìdojúkọ òkè, jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ìjàpá mẹ́jọ, gbogbo wọn ti pa ara wọn dé bí àpótí. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sórí gbòǹgbò, wọ́n ń dúró. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Kò sí èyí tó ṣí. Meirui pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin òkú fún èyí tó kù sódò, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo igbó náà kan. Ó dára débi pé Baolian di ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó há eyín mọ́ra. Owú ṣì wà níbẹ̀. Omi tútù kò pa á, ìjẹ́wọ́ kò lé e lọ. Owú náà jókòó sáyà rẹ̀ bí ó ti wà láàárọ̀.

"Meirui," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Dákẹ́ ná. Ohùn rẹ ń dẹ́rù bà wọ́n. Òótọ́ ni mo ń sọ fún ọ lọ́tẹ̀ yìí."

Meirui wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀yìn àti iwájú ọjà wò kó tó rà á. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Igbó pa rọ́rọ́. Nígbà tó ṣe, ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà là díẹ̀ níwájú. Imú kékeré kan yọ, ojú méjì tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan na síta ó sì gbá ewé mú. Òmíràn tún ṣí. Baolian rí i pé inú òun dùn, ó sì mọ̀ pé ìdùnnú náà ti pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí òun ló tọ̀nà, kì í ṣe Meirui. Ó jókòó tì í, kò mira, títí ìkẹjọ fi wọ abẹ́ ewé tán, tí àwọn ewé náà kò sì mì mọ́.

"Ó ti tó," ni ó wí. "Kọ ọ́ báyìí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi yóò gbè é."